Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Kí Wọn

Ìwọ tó ń ka èyí, tí o bá dé ẹnubodè wa, pa ẹnu mọ́. Má kí ẹnikẹ́ni, jọ̀ọ́.

Ẹ̀rù ń ba Ládépò láàárọ̀ ọjọ́ náà bíi ti ojoojúmọ́. Òfin ni pé orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ kí ẹni tó ń sá fún ogun ni yóò gbà á sílé. Ẹ̀rọ tó wà lórí òpó ló ń gbọ́ ìkíni. Nítorí náà, Ládépò, tó ń ṣọ́ bodè lápá Nàìjíríà, àti Adékàmbí, tó ń ṣọ́ ọ lápá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kì í la ẹnu. Ojú lásán ni wọ́n fi ń bú ara wọn.

Obìnrin kan yọ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, eruku bò wọ́n. Kíá, Adékàmbí gbójú sókè bí ẹni tó ń ka ẹyẹ. Bí obìnrin náà ṣe dé ìdí òpó, ó fẹsẹ̀ kọ.

"Yéè, pẹ̀lẹ́ o! Ẹ kú ewu!" Ládépò ló ké bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ lu agogo. "Nàìjíríà ti gbà wọ́n!"

Adékàmbí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kẹta yín lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn! Ẹ ò kúkú tẹ́ní fún wọn?"

Ẹ̀rín pa Ládépò náà. Fóònù dún. Ọ̀gá ni.

"Ládépò! Sọ pé àṣìsọ ni, ká lè dá wọn padà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o ò níṣẹ́ mọ́."

Ládépò wo àwọn ọmọ náà. Èyí tó kéré jù ti ń bá a rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, mo ti kí wọn. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."

Ọ̀gá pè é, pè é. Ó ti ki fóònù bọ àpò.