Òkú Tó Mọṣẹ́ Jù Nínú Apá Kìíní

Apá kìíní eré tuntun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lórí tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù. Onídìrí ti fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní ìdajì.

"Eré yìí dùn o, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó!"

Kò sẹ́ni tó bi í. Ó ń bá a lọ.

"Ẹ wo ọmọ tí ìyá ẹ̀ kú. Ó fọwọ́ bojú, ó kàn ń mi èjìká. Omijé dà? Ṣé ẹkún nìyẹn?"

"Orin yẹn ńkọ́? Wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́, orin bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀!"

"Kí ló wá dáa níbẹ̀, Àǹtí?" oníbàárà rẹ̀ bi í.

"Òkú yẹn ni! Bó ṣe nà gbalaja sábẹ́ aṣọ funfun, kò mira rárá. Tí wọ́n bá gbọ́n, wọ́n á jí i dìde ní apá kejì."

Àbúrò rẹ̀ tó jókòó tì í, tó máa ń kun ojú àwọn òṣèré eré náà, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ṣe òkú."

Ṣọ́ọ̀bù pariwo yèè. Onídìrí na ọrùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

"Ẹ sọ ìyókù náà," àbúrò rẹ̀ ní. " Ẹ sùn lọ fọnfọn, ẹ ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Bá a bá ti jí yín, ẹ tún padà sùn. Ẹ̀rín ni ọmọ yẹn ń fọwọ́ bò. Ìhanrun yín la sì fi orin bò mọ́lẹ̀."

Onídìrí rọra mú kóòmù rẹ̀.

"Ẹ dákun, òkú wo lẹ ti rí tó mọ̀ pé òun ń hanrun?"