Ohùn Ẹnu Géètì

Aago mẹ́jọ ti lù kí Àwẹ̀ró tó dé ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ girama tí gbogbo àdúgbò ti kàwé jáde. Ó mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ ni, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Inú dígí ojú tó ń fi olùkọ́ hàn wọ́n làwọn ọmọ ti ń kàwé nílé báyìí. Géètì nìkan ni kò tíì gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ti kógbá wọlé.

"Ìwọ tó pẹ́ yìí, kúnlẹ̀!"

Ohùn bàbá rẹ̀ olóògbé ni wọ́n gbà sínú ẹ̀rọ géètì náà, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà ayé wọn.

Àwẹ̀ró, ìyá arúgbó, kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàámi."

Ọkùnrin tó wá tú géètì náà kúrò ní, "Ẹ dìde, màmá."

"Wọn ò tíì ní kí n dìde."

Géètì tún fọhùn. "Ó tó. Máa lọ sí kíláàsì."

Àwẹ̀ró wo inú ọgbà. Igbó nìkan ló rí.

"Kíláàsì dà, bàámi?"