Ago Orí Pẹpẹ

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ago ìdàpọ̀ mímọ́ ti ń tan iná pupa, tí ó sì ń pa ẹnu dé, bí Ìbídùn bá ti fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe gbogbo ago ọtí báyìí nítorí àwọn aláboyún: bí oyún bá wà nínú ẹni tó fọwọ́ kàn án, ago mọ̀.

“Ìyàwó wa, ago yóò tún bínú sí ọ,” ni Ìyá Ìjọ tó kúnlẹ̀ tì í níwájú pẹpẹ wí, ó rẹ́rìn-ín.

“Ó ti sú mi, mà. Ẹ̀kán kan péré, kí ló fẹ́ fi ọmọ ṣe?”

Alùfáà dé. Ìbídùn fọwọ́ kan ago. Iná kò tàn.

“Bóyá ó ti bàjẹ́,” ni Ìbídùn wí jẹ́ẹ́.

Alùfáà gbé e fún aláboyún mìíràn tó kúnlẹ̀ tẹ̀ lé Ìbídùn. Ago tan iná pupa, ó pa ẹnu dé.

Ìyá Ìjọ di ọwọ́ Ìbídùn mú.