Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dìde Nídìí Oúnjẹ

Ẹ̀yin ọmọ, abúlé kan wà ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kan ti wà láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Ibẹ̀ ni Fadérera, oníṣòwò aṣọ láti Ìkìrun, ti kọ́gbọ́n. Obìnrin dáadáa ni, ó lawọ́, àmọ́ kò ní sùúrù rárá. Bó bá gbé omi ẹ̀bà kaná, kí omi tó hó, ó ti da gàrí sí i.

Ìyá rẹ̀ ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Aṣọ aláró kan tí etí rẹ̀ pupa, tí wọ́n hun ní Íńdíà, ni ìyá yìí ró nígbà tó ń ṣe ìyàwó. Aṣọ náà ti gbó. Ó wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Fadé, bá mi wá irú rẹ̀ kan sí i kí n tó lọ." Nígbà tí Fadérera lọ rajà ní Íńdíà, ó wá a káàkiri títí wọ́n fi júwe fún un obìnrin kan ṣoṣo tó ṣì ń hun irú rẹ̀. Ponnammal lorúkọ rẹ̀, abúlé yìí ló ń gbé. Fadérera háyà mọ́tò, ó sì kánjú lọ, torí pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ yóò gbéra.

Ọjọ́ ọdún tẹ́ńpìlì ló bọ́ sí, ibẹ̀ sì ni Ponnammal wà. Onígbàgbọ́ ni Fadérera, kò bá ti ọdún wá, ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo èèyàn ti ṣe, ó sì wọlé. Àwọn òpó òkúta ibẹ̀ ti ń dán nítorí ọwọ́ tí àwọn èèyàn ti fi kàn wọ́n láti ìrandíran. Ponnammal kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Awakọ̀ ló ń túmọ̀ fún wọn bí Fadérera ti ń ṣàlàyé aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń fẹ́.

"Ó ní wọn kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ níhìn-ín lónìí. Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ jẹun."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ ní ìlà, wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú oníkálukú, wọ́n sì bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ sí i. Baba arúgbó kan tí kò léyín lẹ́nu jókòó ti Fadérera, ó ń rọra jẹun díẹ̀díẹ̀. Fadérera yára jẹ tirẹ̀, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn ọmọdé, kí wọ́n má baà pè é ní àgbà àjẹìwẹ̀yìn, ó sì dìde. Nílé wa, ìwà àgbà nìyẹn. Níbẹ̀, èèwọ̀ ni. Bí ẹnì kan bá dìde, oúnjẹ ti parí fún gbogbo ìlà. Baba náà wo ìrẹsì rẹ̀ tí kò tíì jẹ dé ìdajì, ó sì ká ewé dé e. Gbogbo wọn bá dìde.

Ojú Ponnammal yí padà. "Aṣọ yẹn máa ń pẹ́ lórí òfì," ló wí. "Ẹni tí kò lè dúró kí arúgbó jẹun tán, ṣé ó máa lè dúró de òwú? Ẹ máa lọ ní àlàáfíà."

Ojú ti Fadérera, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọra.

"Màámá, ẹ jẹ́ ká lọ," ni awakọ̀ wí. "Ọkọ̀ òfurufú ò ní dúró dè yín."

Fadérera wo baba tí ebi ṣì ń pa. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká tún jókòó."

Wọ́n tẹ́ ewé mìíràn fún baba. Fadérera jókòó tì í. Baba jẹ díẹ̀, ó sinmi, ó mu omi, ó sọ ìtàn gígùn kan tí Fadérera kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ó tún jẹ díẹ̀. Oòrùn wọ̀. Ọkọ̀ òfurufú lọ. Fadérera kò yẹsẹ̀ títí baba fi gùnfẹ̀, tó sì gbé ọwọ́ lé e lórí.

Nígbà náà ni Ponnammal wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Báwo ni ìyá yín ṣe ga tó?" ló bi í.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, aṣọ dé Ìkìrun. Ìyá ró o, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ látàárọ̀, ó ń ránṣẹ́ pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wò ó. Inú Fadérera dùn débi pé ó sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dé ìlú onílùú, ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ti ń ṣe. Bí ẹ bá sì ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹ má jẹ́ kí ìkánjú gba àyè àtúnṣe mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun a fagbára mú ní í le koko.