Èdè Tí Ìbọn Sọ

Ní gbogbo Ọjọ́ Ìrántí, ilẹ̀kùn Ọgbà Ìṣọ̀kan kì í ṣí fún ẹnikẹ́ni tí kò bá dáhùn sí orúkọ tó bá fi pè é. Bàbá Abíógun gbé ojú síwájú dígí ara ilẹ̀kùn náà. Inú igbó ni ìyá rẹ̀ bí i sí, lọ́jọ́ tí àwọn sójà dáná sun abúlé wọn, tí wọ́n sì yìnbọn pa bàbá rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Abísédè-àìyedè," ni ilẹ̀kùn wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

Bàbá pòṣé. Àwọn tí kò lè wo egbò sàn ti fi àrán bò ó.

Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Òfin ti fagi lé 'ogun'. Èdè-àìyedè ló ṣẹlẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹ ṣáà dá a lóhùn, kí ẹ lè wọlé lọ kí bàbá yín ní ojú oórì rẹ̀."

Bàbá wo dígí náà tìkà-tẹ̀gbin.

"Bá mi bi ilẹ̀kùn yín, ọmọ mi," ló wí. "Èdè wo ni ìbọn sọ tí kò yé bàbá mi?"