Bàálù Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ẹlòmíràn

Nínú gbogbo ajẹ́ńtì tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Àpápá lọ́dún 2008, kò sí èyí tí pátákó rẹ̀ tóbi tó ti Gbénró. Ó gbé e kọ́ sí Liverpool Road, ó sì fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà síbẹ̀. Lẹ́tà wínníwínní kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n eruku tírélà ti bò ó. Gbénró kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún.

Sùlè ń bá a ṣiṣẹ́. Ajégúnlẹ̀ ló ń gbé, ní yàrá méjì nítòsí Malu Road, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí àlejò bá wà ní ọ́fíìsì, Gbénró á ní kó lọ ra píọ́ wọ́tà wá, bó bá sì pẹ́, á bú u. Àmọ́ bí ọdún tuntun bá ti dé, Gbénró fúnra rẹ̀ á gbé àpò ìrẹsì kan àti àpòòwé kan lọ sílé Sùlè. Á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ á sì rọ̀. Àwọn alájọgbé Sùlè máa ń sọ pé irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Linus pè wọ́n sí Akra. Ajégúnlẹ̀ ni Linus ti dàgbà kó tó ṣí lọ sí Gánà. Ó ń ra ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan ní Èkó, gbogbo ẹ̀rọ náà ló sì máa gba Àpápá wọlé. Iṣẹ́ ti ń gbẹ lọ́wọ́ Gbénró. Bí èyí bá tún bọ́, àfi kó ti ọ́fíìsì. Linus ní kí wọ́n wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n sì mú òǹtẹ̀ dání, torí àwọn ajẹ́ńtì mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Gbénró ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ bàálù ńlá kan láti òkè òkun, èyí tí àwọn olówó ń wọ̀ lọ sí London. Gbogbo Liverpool Road ló gbọ́. Ó ní òun ń mú Sùlè dání kí òtòṣì náà lè rí inú bàálù kó tó kú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, ohun tí wọ́n bá ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà ni bàálù kékeré kan tó ní fáànù lápá méjèèjì. Àwọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá náà ló wà lára rẹ̀ láti imú dé ìrù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí Gbénró kò gbọ́ rí, lẹ́tà rẹ̀ kò sì ju ti ara ike oògùn lọ.

"Kí lèyí?" Gbénró bi Inúmidùn, ọmọbìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Bàálù yín ni, sà. Páátínà wa ló ń bá wa fò ó."

"Ṣé wọ́n yá orúkọ yín lò ni?"

"Wọ́n gba àṣẹ, sà. Kò sí wàhálà níbẹ̀."

Gbénró yínmú. "Ẹ ò tiẹ̀ tijú! Ẹni tí ò lórúkọ tiẹ̀, òun ló fẹ́ gbé mi kọjá lórí òkun? Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí ò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wò ó. Sùlè sún mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wọlé. Linus ń retí wa."

"Kí lo mọ̀? Ará Ajégúnlẹ̀! Bí wọ́n bá kun ọmọlanke lọ́dà, ìwọ á ní bàálù ni." Gbénró tutọ́ sórí kọnkéré. "Máa lọ ní tìẹ. Sọ fún Linus pé mò ń bọ̀ ní Mọ́ńdè, nínú bàálù gidi. Má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báàgì ọwọ́ ẹ yẹn, má jẹ́ kó kúrò lára ẹ."

"Ó ti yé mi, sà."

Sùlè gun àtẹ̀gùn. Wọ́n fún un ní ẹ̀pà àti ohun mímu, kò sì tíì mu ún tán tí bàálù fi balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní àkókò yẹn, Gbénró ti padà sí Liverpool Road, ó ń fi ẹnu dún bíi fáànù fún àwọn ajẹ́ńtì ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ojú ti òun fún ẹni tó bá lè wọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní Akra, Linus wo ẹ̀yìn Sùlè bóyá ẹnìkan tún ń bọ̀.

"Ọ̀gá ẹ ńkọ́?"

"Ó ní orúkọ tó wà lára bàálù kì í ṣe ti ẹni tó ń wà á."

Linus pòṣé. "Dis man sef! Mi ò lè dúró de Mọ́ńdè o. Àwọn mìíràn ń bọ̀ lọ́la. Ẹni tí kọ́sítọ́ọ̀mù mọ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá tọwọ́ bọ̀wé. I no want story."

Sùlè gbé báàgì rẹ̀ lé orí tábìlì. Inú ń bí i, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí i.

"Ẹ mú bírò wá," ló wí.

Ó yọ òǹtẹ̀ nínú báàgì rẹ̀, ó sì tọwọ́ bọ̀wé lórúkọ ara rẹ̀, torí òun ni kọ́sítọ́ọ̀mù fún ní láísẹ́ńsì láti ìbẹ̀rẹ̀, Gbénró kàn ń yá a lò lọ́dọọdún ni.