AA Ni Mọ́mì Fẹ́

“Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná, Mọ́mì,” ni Micah wí.

“Kí lo fẹ́ parí? AA ni mo fẹ́.”

Inú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin ni wọ́n wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní yunifásítì ló wá tọ́jú àwọn ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Tíṣáàtì funfun kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Kò tíì sí èyí tó ṣe ìdánwò àṣekágbá nínú wọn, àmọ́ dókítà ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Micah ló wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mọ́mì Rose, tó ń ta àwo àti ife ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló jókòó níwájú rẹ̀. Ó mú Mofẹ́olúwa dání, ọmọbìnrin tí Bọ́dúnrìn, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, fẹ́ gbé níyàwó. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lójú òun, torí òun ò gba bébà tí wọ́n bá mú wá láti ibòmíràn gbọ́.

“Mọ́mì, tí ọkọ bá ti jẹ́ AA, kódà kí ìyàwó jẹ́ AS, kò séwu,” ni Micah wí. “Wọn ò lè bí ọmọ tó jẹ́ SS láéláé. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn.”

“Wọ́n kọ́ yín dáadáa. AA ni mo fẹ́.”

“Tó bá wá jẹ́ AS ńkọ́?”

“A jẹ́ pé ìyàwó ẹlòmíràn ni.”

Mofẹ́olúwa ń wo ilẹ̀. Láti ilé ìwé gírámà ló ti mọ̀ pé AS ni òun. Ó ti sọ fún Bọ́dúnrìn, ìyẹn sì rẹ́rìn-ín. “AA lèmi ní tèmi,” ló wí. “Má ṣáà jẹ́ kí Mọ́mì gbọ́.”

Micah gún un níka, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ike kékeré kan. Mọ́mì Rose tẹjú mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ń dúró de èsì, ìyá kan gbé ọmọkùnrin kan wọlé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, tó ń ké pé egungun ń dun òun. Wọ́n gbé e jókòó sórí bẹ́ńṣì tí Mọ́mì Rose wà. Mọ́mì Rose wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan. Ó dìde, ó bọ́ síta, ó lọ kọjú sí ògiri.

“Ẹ ò rí Mọ́mì,” ni Tiwaladé wí. Àbúrò Mofẹ́olúwa ni, òun náà wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. “Wọn ò tiẹ̀ lè jókòó ti ọmọ aláìsàn.”

Ó pe Micah sẹ́yìn kọ́tìnì tó wà nídìí tábìlì, ó na ìka rẹ̀ sí i. AA ni ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀.

“Tiwa, irọ́ nìyẹn,” ni Micah wí.

“Ìwọ lo ní kò séwu. Àbí kò dá ẹ lójú mọ́?”

Ó dá Micah lójú. Ó mú ike mìíràn.

Nígbà tí Mọ́mì Rose wọlé padà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní eruku ni. Micah fi ike kejì hàn án, àmì AA ló wà lára rẹ̀. Ó wò ó títí, ó fa orí Mofẹ́olúwa mọ́ àyà, ó ní, “Ìyàwó mi.” Ó ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo àwọn dókítà. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń padà lọ nínú bọ́ọ̀sì, Micah ń sín Mọ́mì Rose jẹ: “AA ni mo fẹ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé títì ńlá.

Wọn ò lè wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún tó tẹ̀ lé ìyẹn ni wọ́n padà sí gbọ̀ngàn náà. Mọ́mì Rose tún wá, ó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Mofẹ́olúwa sì ń tẹ̀ lé e. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà wú, kò sì dákẹ́ ẹkún láti àárọ̀.

Micah yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó tún un yẹ̀ wò. Ó pe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà sẹ́yìn kọ́tìnì.

“SS ni,” ló wí. “Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o. AA ni Bùọ̀dá Bọ́dúnrìn. AA ò lè bí SS.”

“Kí lò ń sọ?” ni Mofẹ́olúwa bi í.

Tiwaladé ló dáhùn. “Àǹtí mi, ta ló lọmọ?”

Mofẹ́olúwa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Bọ́dúnrìn ni. Mi ò mọ ọkùnrin míràn. Tiwa, wò mí lójú.”

Tiwaladé ò wò ó.

Kọ́tìnì ṣí. Mọ́mì Rose ló dúró síbẹ̀, ọmọ wà léjìká rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ti gbọ́. Kò pariwo.

“Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀,” ló wí. “Ta ló sọ fún yín pé AA ni Bọ́dúnrìn?”

“Bùọ̀dá fúnra wọn ni, Mọ́mì,” ni Tiwaladé wí. “Wọ́n sọ fún Àǹtí mi.”

“Èmi ni mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, nígbà tí SS pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹ̀rù ò jẹ́ kó sùn mọ́, AS ni Bọ́dúnrìn, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń wá AA kiri fún un, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ta lẹ fi hàn mí lọ́jọ́sí?”